Kásẹ́ẹ̀tì wo lẹ máa rà? C60 àti C120, lásán àti króòmù àti metal, mo fi wọ́n wéra

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa kásẹ́ẹ̀tì ni pé èwo ló dáa jù, ìbéèrè ni èmi náà sì máa ń fi dáhùn: kí lẹ fẹ́ gbà sórí ẹ̀, ẹ̀rọ wo lẹ ní, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó pẹ́ tó? Ẹni tó fẹ́ gba orin látinú rédíò kó lè máa gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, ohun tó máa rà yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó fẹ́ gba ohùn ìyá ẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí wá gbọ́ ọ. Èmi o, bí téèpù inú ẹ̀ ṣe nípọn tó ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń wò ó bóyá ẹ̀rọ mi lè lò ó, orúkọ tó wà lára páálí ló kẹ́yìn.

C60, C90 àti C120

Nọ́ńbà yẹn, ìṣẹ́jú ni. C60 jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ojú A, ọgbọ̀n ní ojú B, C90 jẹ́ 45 sí 45, C120 jẹ́ wákàtí kan lójú kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ike kásẹ́ẹ̀tì ò tóbi sí i nígbà tí nọ́ńbà ń lọ sókè, bó ṣe rí nígbà tí Philips gbé e jáde lọ́dún 1963 náà ló ṣì rí, torí náà tí wọ́n bá fẹ́ kó téèpù tó gùn sínú ẹ̀, ọgbọ́n kan ṣoṣo tó wà ni kí wọ́n jẹ́ kí téèpù ọ̀hún fẹ́lẹ́. Téèpù máa ń rìn ní 4.76 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ máa rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 86 mítà, C120 á wá jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn nínú ike kan náà. Téèpù C60 nípọn tó nǹkan bíi 16 sí 18 máíkírómítà, C90 bíi 12, C120 bíi 9 péré. Irun orí èèyàn nípọn ju 9 yẹn lọ dáadáa.

Ohun tí C120 ṣe fún mi ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Mo jókòó ti ìyá ìyá mi, mo fẹ́ kó sọ ìtàn ìdílé wa fún mi látìbẹ̀rẹ̀, C120 ni mo sì kì bọnú ẹ̀rọ torí mi ò fẹ́ máa dá a dúró kí n lè yí ojú kásẹ́ẹ̀tì padà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn lẹ́nu ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, màmá ti lọ, mo ní kí n gbọ́ ọ, mo tẹ pílè, ohùn ń jáde dáadáa títí ó fi dé ibi tó ti fẹ́ dárúkọ ìyá tó bí òun, ni ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó fà, ó fà, ó ki bí ohùn ọkùnrin, ó sì dákẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, mo rí i pé téèpù ti wé mọ́ róólà rọ́bà ní àìmọye ìgbà, ó rún, ó ń dán lábẹ́ iná. Mo fi ẹ̀yìn pẹ́ńsùlù tú u díẹ̀díẹ̀, mi ò jẹ́ kí ìka mi kan ojú ẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí. Ó tú lóòótọ́, kò já, àmọ́ ibi tó rún yẹn ti fà gùn, etí ẹ̀ ti ká bí ewé tí oòrùn pa. Kò ju 19 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin nìyẹn, orúkọ yẹn sì wà nínú ẹ̀.

Téèpù tó fẹ́lẹ́ máa ń tètè fà, ó máa ń tètè wé mọ́ róólà, pàápàá nínú ẹ̀rọ tí mọ́tò ẹ̀ lágbára jù tàbí tí rọ́bà ẹ̀ ti gbó, ìwé àwọn ẹ̀rọ mìíràn tiẹ̀ kọ ọ́ sí i kedere pé kí wọ́n má fi C120 sínú àwọn. Nǹkan kejì tó máa ń ṣe ni pé tí wọ́n bá gbé e jókòó fún ìgbà pípẹ́, ohun tó wà lórí ìpele kan máa ń ràn mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohùn kékeré kan bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, á sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú kí ohùn gan-an tó sọ ọ́. C60 náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ àmọ́ tiẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ohùn èèyàn tí mi ò lè rí gbà mọ́, C60 ni, kódà tó bá máa gba kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Orin tí mo lè tún gbà nígbàkigbà, C90 dáa, ó tó àwo orin kan lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kì í sì í bá a jà. C120 ní tèmi, mi ò rà á mọ́.

Lásán, króòmù, metal

Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni téèpù, tí wọ́n da ìyẹ̀fun tó lè gba òòfà lé lórí, oríṣi ìyẹ̀fun yẹn ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Type I, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní lásán tàbí normal, ìyẹ̀fun irin ni, ìran kan náà ló jẹ́ pẹ̀lú ìpẹtà tó máa ń wà lára irin tí òjò ti pa, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ ẹ̀ fi sábà máa ń pọ́n bí amọ̀. Type II ni wọ́n ń pè ní króòmù, ó máa ń dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú Type II ni kò ní króòmù kankan nínú o, torí láàárín àwọn ọdún 1970 àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan bíi TDK àti Maxell gbé irin tí wọ́n fi cobalt kún jáde, ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àwọn BASF ilẹ̀ Germany ní tiwọn dúró ti ojúlówó króòmù. Type III pa irin àti króòmù pọ̀, kò pẹ́ lórí àtẹ, ẹ má da ara yín láàmú nípa ẹ̀. Type IV ni metal, irin pọ́ńbélé tí kò tíì dógùn-ún, ọdún 1979 ló dé ọjà.

Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni ariwo ṣììì yẹn tó máa ń wà lẹ́yìn orin. Ẹ̀rọ máa ń ka Type II àti metal lọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní 70, ó ń ka lásán ní 120 (kì í ṣe 120 ti C120 o), ìyàtọ̀ yẹn nìkan máa ń dín ṣììì kù tó 4 sí 5 dB, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ohùn. Metal tún máa ń gba ohùn tó ga ju ti àwọn yòókù lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, àwọn ohùn tín-ín-rín bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló hàn nínú ẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín ńkọ́? Tí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi gbà á ò bá ní bọ́tìnì CrO₂ (króòmù nìyẹn) tàbí Metal, tí kò sì mọ bó ṣe lè dá a mọ̀ fúnra ẹ̀, iná bias, ìyẹn iná tí ẹ̀rọ ń fún téèpù nígbà tó bá ń gba ohùn, kò ní tó, ohùn á máa han gooro bí agolo, á sì máa fọ́. Ti metal tiẹ̀ tún burú sí i, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba nǹkan mìíràn lé e lórí, héèdì (irin kékeré tí téèpù ń fara kàn nínú ẹ̀rọ) tó ń pa á rẹ́ ò ní lágbára tó, ẹ máa gbọ́ orin àná lábẹ́ ọ̀rọ̀ òní. Kéèyàn ra metal fún rédíò kékeré alágbéká, owó ló fi ń ṣòfò, C60 lásán tó jẹ́ tuntun á fún un lóhùn tó dáa ju ìyẹn lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ tí bébà ara wọn bá ti ṣí: ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ìyẹn etí tí téèpù ò ti yọ síta. Ti lásán ní ahọ́n ike kékeré méjì ní igun méjèèjì, ìyẹn nìkan. Type II ní ihò mìíràn tó fara ti àwọn ahọ́n yẹn. Metal tún ní ihò méjì sí i láàárín. Àwọn ihò yìí ni ẹ̀rọ tó gbọ́n máa ń fi ọ̀pá tín-ín-rín tẹ̀ kó lè mọ ohun tó wọlé. Àwọn Type II ayé àtijọ́ kan ò ní ihò yẹn, ẹ máa yí bọ́tìnì fúnra yín.

Mo ti gba ohùn kan náà sórí lásán àti króòmù rí, máíìkì kan náà, ìjókòó kan náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́ mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀, àfi ìgbà tẹ́ni náà bá dákẹ́ láti mí ni mo tó gbọ́ ṣììì tó pọ̀ díẹ̀ lórí ti lásán. Torí náà ọ̀rọ̀ ẹnu, lásán ti tó. Orin tó ní ibi tó rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí dùùrù tàbí gìtá kan ṣoṣo ń dún, króòmù tọ́ sí i. Metal, ẹ lò ó tó bá ti wà nílé tí ẹ̀rọ yín sì mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò yẹ kẹ́ ẹ máa wá a kiri, tuntun inú ẹ̀ ò sí mọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe jáde báyìí Type I ló pọ̀ jù.

Dolby, ká tàn án àbí ká pa á?

Dolby ni ètò inú ẹ̀rọ tó ń dín ṣììì kù. Dolby B ti wà láti ọdún 1968, ó ń dín ṣììì kù tó 10 dB, Dolby C dé lọ́dún 1980, ó tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé nígbà tó bá ń gbà á, á gbé àwọn ohùn tín-ín-rín tó rọlẹ̀ sókè, nígbà tó bá ń kà á á tún sọ wọ́n kalẹ̀ pẹ̀lú ṣììì tó gorí wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó kà á gbọ́dọ̀ ní irú Dolby kan náà, héèdì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi B gbà ṣì ṣeé gbọ́ lórí ẹ̀rọ tí kò ní in, á kàn máa han díẹ̀ jù, àmọ́ ti C á máa ta etí, kò dáa rárá. Ohun tí mo bá fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ lẹ́yìn mi, mo máa ń pa Dolby, torí mi ò mọ ẹ̀rọ tí wọ́n máa ní. Tẹ́ ẹ bá lò ó ṣá, ẹ kọ ọ́ sára bébà ẹ̀, B tàbí C, tẹ́ ò bá kọ ọ́, ẹni tó bá wá gbé e lọ́dún mẹ́wàá sí i á kàn máa fojú bù ú ni.

Ike tó ní ìdè àti èyí tí wọ́n lẹ̀ pa

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀. Ra èyí tó ní ìdè (síkúrù) kéékèèké márùn-ún tẹ́ ẹ bá rí i. Tímùtímù kékeré kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó máa ń ti téèpù mọ́ héèdì, gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa ń gbẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tímùtímù á já bọ́, ohùn á sì lọ sábẹ́ bíi pé wọ́n da aṣọ bò ó. Tó bá jẹ́ onídè, ẹ tú u, ẹ gbé róòlù téèpù méjèèjì sínú ike mìíràn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, ọ̀bẹ lẹ máa fi là á, ọwọ́ á máa gbọ̀n yín.

Ẹ̀rọ alágbéká àti ẹ̀rọ jókòó-sílé tó ní mítà

Àwọn ẹ̀rọ alágbéká sábà máa ń wọn ohùn fúnra wọn. Ó rọrùn lóòótọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì ó parí, àmọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ṣe dákẹ́ báyìí, ẹ̀rọ á rò pé ohùn ò tó, á máa gbé gbogbo ariwo inú yàrá sókè, fáànù, aago ara ògiri, títí kan mọ́tò tiẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó ẹ má lo máíìkì inú ẹ̀, ẹ ki máíìkì míì bọ ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé máíìkì sún mọ́ ẹnu tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ jìnnà.

Èyí tó ní mítà ni mo fẹ́ràn jù torí ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ wà. Kí ẹ tó tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gba ohùn ẹ̀ sọ̀rọ̀ tàbí kọrin ní ibi tó máa pariwo jù, ẹ yí bọ́tìnì títí abẹ́rẹ́ á fi máa kan 0, kó kọjá ẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ohùn tẹ́ ẹ gbà bá lọ sílẹ̀ jù, ṣììì á bò ó, tẹ́ ẹ bá gbà á ga jù á fọ́, kò sì sẹ́ni tó lè tún èyí tó ti fọ́ ṣe. Lásán kì í gba àṣejù, metal máa ń fàyè gbà yín díẹ̀. Èyí tó ní héèdì mẹ́ta dáa ju onímejì lọ torí pé ẹ lè gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí téèpù bẹ́ ẹ ṣe ń gbà á lọ́wọ́, onímejì ẹ ò ní mọ̀ pé ó bàjẹ́ àfi tó bá parí.

Ẹ rántí pé ibẹ̀rẹ̀ téèpù ní ike funfun tàbí tó ń dán tí kì í gba ohùn, ó tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí méje. Ẹ jẹ́ kó kọjá kẹ́ ẹ tó sọ pé kó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti pàdánù "ẹ káàsán" àkọ́kọ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbà á tán, ẹ fọ́ ahọ́n ike ẹ̀yìn yẹn lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan mìíràn lé e lórí, ẹ má fi di ọ̀la. Tí ojú A bá kọjú sí yín tí etí tí téèpù ti yọ sì wà nísàlẹ̀, ahọ́n tó wà lápá òsì lókè ni ti ojú A. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un lò, ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ihò yẹn nìkan, tó bá jẹ́ Type II ẹ má bo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀rọ á máa rò pé lásán ni.

Ìtọ́jú: èwo ló ṣe é, èwo ló ń pa á

Kásẹ́ẹ̀tì ìfọ-héèdì gbígbẹ àti òwú pẹ̀lú sípíríìtì: òwú ni mo máa ń lò. Àwọn gbígbẹ kan máa ń ha héèdì bí ìwé ìyanrìn. Ẹ ki òwú orí igi bọ isopropyl (irú sípíríìtì kan) tó lé ní 90%, ẹ nu héèdì àti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òwú àkọ́kọ́ á pọ́n bíi ìpẹtà, ẹ máa nu ún lọ títí òwú á fi jáde ní funfun. Róólà rọ́bà, aṣọ tó tutù díẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ ni mo máa ń fi nu tèmi torí sípíríìtì lè gbẹ rọ́bà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́wàá tí wọ́n bá ti lò ó, ẹ tún ṣe é. Mo mọ̀ báyìí pé ká ní mo nu róólà ọjọ́ yẹn ni, bóyá C120 màmá ò bá má wé mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ yí i padà síbẹ̀rẹ̀ kíákíá kẹ́ ẹ tó gbé e pamọ́, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó rìn títí dé òpin fúnra ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó rìn fúnra ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iyára yí máa ń wé le níbì kan, á dẹ̀ níbòmíì, etí téèpù á máa yọ sókè. Èyí tó rìn ní pílè máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú àwo. Ẹ dá a dúró ní ìnàró nínú páálí ẹ̀ bí ìwé lórí pẹpẹ, ẹ má tò ó lélẹ̀ léra wọn. Kí yàrá wà ní nǹkan bíi 20°C, kó má sí ọ̀rinrin jù. Ẹ má gbé e sórí sípíkà, òòfà ńlá wà nínú ẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ike á yí, kò sì ní tọ́ mọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jẹ́ kó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó hù sí etí téèpù lójú fèrèsé kékeré yẹn, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ, á ràn mọ́ àwọn yòókù. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ká dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì míì àbí sórí kọ̀ǹpútà

Kásẹ́ẹ̀tì sí kásẹ́ẹ̀tì, ṣììì méjèèjì á pàdé, ẹ̀dà ẹ̀dà á máa burú sí i. Kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà kẹwàá dà bí àkọ́kọ́. Torí náà sórí kọ̀ǹpútà ni, ẹ fi í pamọ́ ní fáìlì WAV, 24-bit, 48 kHz, ẹ má lo MP3 fún ojúlówó. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ wo ìdè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ héèdì, ẹ fi ìtú-ìdè yí i díẹ̀ díẹ̀ síwá sẹ́yìn nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń lọ, ohùn á máa rọ á máa mú, ibi tí lẹ́tà s bá ti mú jù ni kẹ́ ẹ fi í sí, torí ẹ̀rọ tó gbà á àti ẹ̀rọ tó ń kà á lè má wojú ara wọn. Ìyàtọ̀ tí ìdè kékeré yẹn ń ṣe ju ìyàtọ̀ láàárín lásán àti króòmù lọ. Àmọ́ ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dà á.

Ti ìyá ìyá mi, mo dà á bẹ́ẹ̀, mo sì tún gba ẹ̀dà kan sórí C60 méjì, lásán, mi ò tan Dolby, mo fọ́ ahọ́n ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀ bó ṣe wà, mi ò gé e. Ohùn á kọ́kọ́ fà, á dákẹ́, ẹ máa wá gbọ́ ọ tó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ: "…ìyẹn ló bí mi."